Àyẹ̀wò Etí Ìkókó: Níbo Ni Owó Ìjọba Ń Lọ?

Ní Amẹ́ríkà lóde òní, ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n gbé ìkókó jáde nílé ìwòsàn láìjẹ́ pé wọ́n ti yẹ etí rẹ̀ wò. Nínú 100 ọmọ tí wọ́n bá bí níbẹ̀, ó lé ní 95 tí wọ́n ń ṣe é fún. Ọ̀pọ̀ ìyá, títí kan àwọn tiwa tí wọ́n bímọ sí Houston tàbí Maryland, kì í tilẹ̀ rántí pé wọ́n ṣe é. Wọ́n á rántí abẹ́rẹ́, wọ́n á rántí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà ní gìgísẹ̀ ọmọ. Ti etí kì í dun ọmọ, ọmọ kì í sunkún sí i, ó sì lè jẹ́ pé oorun ti gbé ìyá gan-an lọ nígbà tí wọ́n fi ṣe é tán.

Owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ wà nídìí ètò yìí, àwọn èèyàn sì máa ń rò pé òun ni wọ́n fi ń san owó àyẹ̀wò. Rárá o. Àyẹ̀wò fúnra rẹ̀ kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Owó ìtọ́jú ìbímọ tí ilé-iṣẹ́ adójútòfò tàbí ìjọba ń san fún ilé ìwòsàn ló sábà máa ń gbé e. Ohun tí owó ìrànwọ́ ń rà ni gbogbo wàhálà tó ń tẹ̀lé àyẹ̀wò: ìpè tẹlifóònù, ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún, ọjọ́ tí wọ́n dá fún ìyá àti ọmọ, àti òṣìṣẹ́ tó jókòó ti kọ̀ǹpútà tó ń wá ọmọ tí wọn ò rí mọ́. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ gan-an wà, ibẹ̀ náà sì ni ètò ti máa ń já.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé wa, ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń ṣe àyẹ̀wò náà. Kí ọmọ sùn ni wọ́n ń fẹ́. Ẹni tó fẹ́ ṣe é á dúró kí ọmọ mu ọmú yó, kó sùn fọnfọn, kó tó ti ẹ̀rọ rẹ̀ wọ yàrá. Oríṣi méjì ló wà. Nínú ti àkọ́kọ́, wọ́n á ki rọ́bà kékeré kan bọ ihò etí ọmọ. Ẹ̀rọ á máa ta ohùn wẹẹrẹ-wẹẹrẹ sínú etí, lẹ́yìn náà á wá dákẹ́, á máa gbọ́ ohun tí etí á fi fèsì. Bẹ́ẹ̀ ni, etí tó dá ṣáṣá máa ń fèsì. Nínú lọ́hùn-ún, níbi tí egungun etí ti ká bí ìkarahun ìgbín, àwọn fọ́nrán tíntìntín wà tó ń mì nígbà tí ohùn bá kàn wọ́n, ìmìtìtì wọn a sì máa dá ìró padà síta. Ìró náà kéré débi pé kò sí ẹ̀dá tó lè gbọ́ ọ, àfi ẹ̀rọ. David Kemp ló kọ́kọ́ wọn ìró yìí jáde ní London lọ́dún 1978. Ká ní kò ṣe é ni, bóyá ètò tí mò ń sọ yìí kì bá tí ṣeé ṣe.

Nínú oríṣi kejì, wọ́n á lẹ nǹkan pélébé bíi mélòó kan mọ́ iwájú orí, ẹ̀yìn ọrùn àti èjìká ọmọ, wọ́n á fi ìbòtí rírọ̀ bo etí rẹ̀. Ẹ̀rọ á máa ta ohùn, á sì máa wo bóyá ohùn náà ń dé ọ̀nà ọpọlọ. Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì kan àwa gan-an ju bí a ti rò lọ. Bí ibà pọ́njú bá mú ọmọ tuntun gidigidi, tí ẹyinjú àti awọ ara rẹ̀ pọ́n, májèlé tó kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè ba iṣan tó ń gbé ohùn lọ sí ọpọlọ jẹ́, kí etí fúnra rẹ̀ má sì farapa rárá. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ á ní kò sí nǹkan kan. Èkejì ló máa ká a mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí wọ́n máa lo oríṣi kejì fún ọmọ tó bá ti lò ju ọjọ́ márùn-ún lọ ní yàrá ìtọ́jú àkànṣe. (Ẹni tó bá ṣì ń ju káńfọ̀ sínú àpótí aṣọ ìkókó, kó dáwọ́ dúró o. Àwọn ọmọ wa kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn kì í gba òórùn rẹ̀. Á máa ba ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́, á sì sọ ibà pọ́njú kékeré di ńlá.)

Bí ẹ̀rọ bá parí iṣẹ́, kò ní sọ pé ọmọ dití. Ohun méjì péré ló mọ̀: ọmọ yìí yege, tàbí kí wọ́n mú un lọ síwájú. Ọ̀pọ̀ tí wọ́n bá ní kí wọ́n mú lọ síwájú ni kò ní àléébù kankan. Ó lè jẹ́ pé omi inú ilé ọmọ tàbí ọ̀rá tó bò ó lára nínú ikùn ṣì wà létí rẹ̀, pàápàá tí wọ́n bá ṣe àyẹ̀wò ní wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn ìbí. Nínú 1,000 ọmọ, nǹkan bí ọ̀kan sí mẹ́ta ni etí wọn ní ìṣòro tí kò ní lọ. Ẹ ò wá rí i pé ẹni tó fẹ́ bá ìyá sọ̀rọ̀ wà láàárín iná méjì. Tó bá dẹ́rù bà á, ó lè dẹ́rù bà á lásán. Tó bá tù ú nínú jù, ìyá á gbàgbé ọ̀rọ̀ náà kó tó délé.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń kánjú? Ọpọlọ ọmọ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i ló ti ń ṣa èdè, bóyá èdè tí wọ́n ń fẹnu sọ ni o, bóyá èyí tí wọ́n ń fọwọ́ sọ. Kó tó di pé wọ́n ń yẹ gbogbo ọmọ wò, ọmọ á ti tó ọdún méjì àbọ̀ sí mẹ́ta kí wọ́n tó mọ̀ pé kò gbọ́ràn. Ilé ló máa ń tan èèyàn. Ọmọ tí kò gbọ́ nǹkan kan á rẹ́rìn-ín, á máa ké "àgú, àgú" ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́ bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ìyá àgbà bá pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀, atẹ́gùn ọwọ́ tàbí òjìji lè mú un yíjú, gbogbo ilé á sì ní ó gbọ́. Tó bá di ọdún méjì tí kò tíì sọ̀rọ̀, wọ́n á ní bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ní 1998, Christine Yoshinaga-Itano àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Colorado gbé ìwádìí kan jáde tó yí ọ̀rọ̀ padà: àwọn ọmọ tí wọ́n tètè mọ ìṣòro wọn kí wọ́n tó pé oṣù mẹ́fà, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìrànlọ́wọ́, fi èdè ju àwọn tí wọ́n pẹ́ mọ̀ tiwọn lọ jìnnà, ì báà jẹ́ pé etí wọn le ju ara wọn lọ.

Kì í ṣe pé kò sí ẹni tó ti ronú kàn án tẹ́lẹ̀. Ní àwọn ọdún 1960, Marion Downs, onímọ̀ ìgbọ́ràn kan ní Denver, ti ń yẹ àwọn ìkókó wò láìsí ẹ̀rọ gidi. Ó kó àwọn olùyọ̀ǹda jọ, wọ́n á dún nǹkan létí ọmọ, wọ́n á wò bóyá á ta gìrì tàbí kó ṣẹ́jú. Wọ́n dá ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ sílẹ̀ ní 1969 láti gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò, ìgbìmọ̀ sì ní ọ̀nà náà kò dáni lójú tó láti gbé e kalẹ̀ fún gbogbo ilé ìwòsàn. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n wá fi rọ́pò rẹ̀ ni pé kí wọ́n máa sọ́ àwọn ọmọ tó ní àmì ewu nìkan, bí ọmọ tí ìdílé rẹ̀ ti ní adití tàbí èyí tí oṣù rẹ̀ kò pé. Bí ìdajì àwọn ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú ìṣòro etí kò sì ní àmì ewu kankan. Odidi ìdajì gba ihò àwọ̀n jáde bẹ́ẹ̀, fún ogún ọdún.

Ní 1989, C. Everett Koop tó jẹ́ dókítà àgbà ìjọba àpapọ̀ pe orílẹ̀-èdè náà níjà pé kó tó di ọdún 2000, kí wọ́n máa mọ ọmọ tó ní ìṣòro etí kó tó pé ọdún kan. Hawaii ṣòfin tirẹ̀ ní 1990. Rhode Island fi owó ìrànwọ́ ìjọba dán an wò lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ, wọ́n sì rí i pé ó ṣeé ṣe. Síbẹ̀, ní 1999, àwọn ọmọ tí wọ́n ń yẹ etí wọn wò jákèjádò Amẹ́ríkà kò tó ìdajì. Ọdún yẹn ni àbá James Walsh, aṣòfin láti New York, wọlé mọ́ òfin ìnáwó, owó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Òfin náà kì í ṣe gbére. Wọ́n ní láti máa tún un fọwọ́ sí, wọ́n sì tún un ṣe ní 2010 àti 2017. Ti 2017 fẹ̀ ẹ́ lójú kó lè kan ọmọ tí kì í ṣe ìkókó mọ́, torí àwọn ọmọ kan wà tó yege lọ́jọ́ tí wọ́n bí wọn tí etí wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì. Downs kú ní 2014 lẹ́ni 100 ọdún. Kó tó lọ, ó fojú rí i pé wọ́n ń yẹ etí ìkókó wò káàkiri.

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni owó náà ń gbà. Ọ̀kan ń gba ọwọ́ HRSA, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí i kí ìtọ́jú dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ọwọ́ wọn kò tó o. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan á kọ̀wé béèrè, á ṣàlàyé ohun tó fẹ́ ṣe, iye ọmọ tó ń sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́ àti bó ṣe máa dín in kù. Èkejì ń gba ọwọ́ CDC, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìdènà àrùn, òun ni wọ́n fi ń kọ́ àkójọ orúkọ àti èsì, kí ìpínlẹ̀ lè mọ ọmọ tó yege, èyí tí wọ́n ní kí wọ́n mú lọ síwájú àti èyí tí wọn ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Díẹ̀ tún ń lọ sí ìwádìí. Ẹ má rò pé owó gọbọi ni o. Láwọn ọdún àìpẹ́ yìí, ohun tí ìpínlẹ̀ kan ń gbà lọ́wọ́ HRSA kò tó $300,000 lọ́dún. Ẹ yọ owó oṣù ẹni tó ń darí ètò, ẹ yọ ti ẹni tó ń tọpa ọmọ, kí ẹ wo iye tó kù. Nínú ìkéde 2020, HRSA tún ní kí wọ́n ya ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin sọ́tọ̀ fún àtìlẹ́yìn òbí, ìyẹn ni pé kí òbí tó ti la irú rẹ̀ kọjá máa bá òbí tuntun sọ̀rọ̀. Mo gbà pé ibẹ̀ gan-an ni owó yẹn ti ń bí ọmọ jù. Dókítà á sọ ohun tí etí ọmọ rẹ kò lè ṣe, ṣùgbọ́n ìyá tí ọmọ tiẹ̀ ti wà níwèé kẹta ló máa sọ bí ilé ṣe ń rí lálẹ́.

Òdiwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn iṣẹ́ wọn rọrùn láti há sórí: oṣù kan, oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́fà. Kí wọ́n ti yẹ ọmọ wò kó tó pé oṣù kan. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n mú un lọ síwájú, kí onímọ̀ ìgbọ́ràn ti sọ ohun tó ṣe é gan-an kó tó pé oṣù mẹ́ta. Kí ìrànlọ́wọ́ sì ti bẹ̀rẹ̀ kó tó pé mẹ́fà. Oṣù mẹ́ta yẹn nídìí. Àyẹ̀wò kíkún lè gba wákàtí kan sí méjì, ọmọ sì gbọ́dọ̀ sùn tàbí kó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ọmọ oṣù kan á sùn tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ oṣù mẹ́jọ á fa wáyà já. Tó bá ti dàgbà jù, ó lè di dandan kí wọ́n fún un lóògùn oorun nílé ìwòsàn, èyí tó jẹ́ ìnáwó mìíràn, ẹ̀rù mìíràn, àti ìdúró lórí ìlà.

Ìpele àkọ́kọ́ nínú ètò yìí ni wọ́n tètè ṣe yọrí. Láàárín ọdún mélòó kan tí owó bẹ̀rẹ̀, àyẹ̀wò ti dé ibi púpọ̀. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì ló bọ́ sómi. Nígbà tí CDC bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìṣirò jọ dáadáa ní nǹkan bí 2005, ó lé ní ìdajì àwọn ọmọ tí wọ́n ní kí wọ́n mú lọ síwájú tí kò sí àkọsílẹ̀ pé ẹnikẹ́ni tún yẹ̀ wọ́n wò. Ìjọba ná owó, ẹ̀rọ sọ ọ̀rọ̀, ọmọ sì pòórá.

Nígbà tí wọ́n tọ pinpin rẹ̀, ohun kéékèèké ni wọ́n bá nídìí. Nọ́ọ̀sì á ní, "Màmá, ẹ má dààmú, omi ló ṣeé ṣe kó wà létí rẹ̀." Inú rere ló fi sọ ọ́, ó sì lè jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n ìyá tó ní ọmọ mẹ́ta nílé, tí iṣẹ́ ń dúró dè, kò ní wa ọkọ̀ wákàtí méjì nítorí omi. Wọ́n wá kọ ọ̀rọ̀ tí òṣìṣẹ́ á máa sọ sílẹ̀: pé ọmọ yín kò yege lónìí, pé ìdí rẹ̀ lè pọ̀, ṣùgbọ́n àfi kí wọ́n tún un yẹ̀ wò ká tó lè mọ̀, ọjọ́ tí ẹ máa lọ rèé. "Ọjọ́ tí ẹ máa lọ rèé" yẹn ṣe pàtàkì. Wọ́n á bá ìyá dá ọjọ́ kó tó kúrò níbi ìbímọ, dípò kí wọ́n já nọ́ńbà lé e lọ́wọ́. Wọ́n á gba nọ́ńbà ẹlòmíì mọ́ tirẹ̀, torí tẹlifóònù lè kú, èèyàn lè kó ilé. Nínú ìdílé tiwa, nọ́ńbà kejì yẹn kì í ṣòro: ti màmá tó fò wá láti Ìbàdàn wá wẹ ọmọ ń bẹ, ti ẹ̀gbọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì ń bẹ.

Ọ̀rọ̀ orúkọ tún wà, èyí kàn wá tààrà. Bí wọ́n bá yẹ ọmọ wò ní ọjọ́ kejì, ilé ìwòsàn lè fi orúkọ ìyá kọ ọ́ sílẹ̀: ọmọbìnrin Lágbájá. Ọjọ́ kẹjọ la tó ń sọmọ lórúkọ. Nígbà tí ọmọ bá fi máa dé ọ̀dọ̀ dókítà ọmọdé, ó ti ń jẹ́ orúkọ tirẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ìdílé bàbá rẹ̀, tí akọ̀wé sì lè kọ lẹ́tà kan fò. Lójú kọ̀ǹpútà, ọmọ méjì ni wọ́n. Ẹni tí owó ìrànwọ́ ń san owó oṣù rẹ̀ ló máa fi ọjọ́ ìbí àti orúkọ ìyá so wọ́n pọ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nǹkan ti sàn sí i gan-an láti ìgbà yẹn, àmọ́ ní àwọn ọdún 2010, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ṣì ń sọnù. Kí á ṣọ́ra pẹ̀lú ìṣirò yìí o. Àwọn ọmọ kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n tọ́jú dáadáa, tó jẹ́ pé onímọ̀ ìgbọ́ràn kò fi èsì ránṣẹ́ sí ìpínlẹ̀ ni, tàbí pé òfin àṣírí kò jẹ́ kí ọ́fíìsì tó ń ran ọmọ lọ́wọ́ sọ fún ọ́fíìsì ìlera. Ẹni tó sọnù àti ẹni tí wọn ò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ jọ wà lójú ìlà kan náà. Àwọn aṣòfin tó ń ka ìlà yẹn kí wọ́n tó fọwọ́ sí owó kì í sábà béèrè èwo ni èwo.

Ó tún yẹ ká mọ ohun tí owó yìí kò rà. Kì í ra ẹ̀rọ ìgbọ́ràn. Ọmọ tí Medicaid, ètò ìlera ìjọba fún àwọn tí owó wọn kò tó, ń tọ́jú á rí i gbà níbẹ̀. Ti ilé-iṣẹ́ adójútòfò aládàáni wà lọ́wọ́ òfin ìpínlẹ̀, àwọn kan á san, àwọn kan á ní kò kàn wọ́n. Ẹ̀rọ nìkan kọ́ ni ìnáwó: etí ìkókó ń dàgbà kánkán, wọ́n á sì máa ṣe rọ́bà tó wọ inú etí ní tuntun lóòrèkóòrè, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀rọ á máa hó. Àwọn olùkọ́ tó ń wá bá òbí nílé ń gba owó lábẹ́ òfin mìíràn tó ti wà láti 1986 fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, òfin náà sì ní kí wọ́n ti jókòó pẹ̀lú òbí láti ṣètò láàárín ọjọ́ 45. Òbí ló máa yan èyí tó fẹ́: èdè àwọn adití, èdè ẹnu, tàbí méjèèjì. Ó ju 90 lọ nínú 100 ọmọ tí etí wọn le tó jẹ́ pé àwọn òbí tó ń gbọ́ràn ló bí wọn, nítorí náà adití àgbà tó wá kọ́ wọn ní èdè ọwọ́ nílé lè jẹ́ adití àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bá jókòó. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí ẹ má sọ Yorùbá sí ọmọ mọ́ nítorí ẹ̀rọ wà létí rẹ̀, ẹ má dá a lóhùn. Èdè tó yọ̀ mọ́ òbí lẹ́nu ni ọmọ yẹ kó gbọ́.

Nílé, ní Nàìjíríà, àyẹ̀wò yìí kì í ṣe ohun tí gbogbo ilé ìgbẹ̀bí ń ṣe. Ṣùgbọ́n wọ́n ti dán an wò. Dókítà Bolajoko Olusanya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe é ní Èkó ní àwọn ọdún 2000. Wọn ò fi mọ sí ilé ìwòsàn nìkan, torí wọn kì í bí ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó síbẹ̀. Wọ́n gbé ẹ̀rọ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gba abẹ́rẹ́ BCG, níbi tí ìyá á gbé ọmọ wá, ì báà jẹ́ ọ̀dọ̀ ìyá àgbẹ̀bí ló ti bí i. Ìṣòro kan náà bá wọn: ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n padà wá ni kò padà. Mo sì rò pé ohun kan wà lọ́wọ́ wa tí Amẹ́ríkà ń fi owó wá kiri. Lẹ́yìn BCG, káàdì ìyá ti ní ọjọ́ mìíràn lórí: ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá, ìkẹrìnlá. Ìyá tó ń tẹ̀lé káàdì á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà wá, kí oṣù mẹ́ta tí wọ́n ń sọ tó pé, àti díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ẹni tó máa pè é. Ọjọ́ wọ̀nyẹn ni wọ́n lè so àyẹ̀wò kejì mọ́. Ohun tó máa kù ni ẹ̀rọ, ẹni tó mọ̀ ọ́n lò, àti onímọ̀ ìgbọ́ràn tí wọ́n máa darí ọmọ sí. Ti ìkẹyìn yìí ló wọ́n jù.